Ojú Aṣòfin Lára Ọkọ̀ Ìjọba

Nígbà tí a sọ iṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà di kọ́pọréṣọ̀n ní 1955, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ni pé orúkọ yí padà. Ọkọ̀ ojú irin wà bí ó ti wà, owó tí a sì fi ń tọ́jú rẹ̀, owó ará ìlú ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan yí padà tí kò tètè hàn sí ojú, èyí ni ẹni tí àwọn aláṣẹ rélùwéè yóò máa jíhìn fún. Ìtàn ọkọ̀ ìjọba ní Nàìjíríà, ti ojú irin, ti ojú omi àti ti òfurufú, ìtàn ìbéèrè yìí ni.

Kí ó tó di 1955, ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba ni rélùwéè jẹ́. Ojú irin kúrò ní Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ó fi di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sì sọ̀ ní Kánò. Àwọn ọ̀gá rélùwéè jẹ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ Gómìnà. Nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1923, ènìyàn 4 péré ni a dìbò yàn, 3 láti Èkó àti ẹyọ kan láti Kàlàbá. Agbára àwọn 4 yìí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n lè dìde béèrè ọ̀rọ̀, aláṣẹ ìjọba a sì dìde dá wọn lóhùn ní gbangba.

Ìdí tí a fi dá kọ́pọréṣọ̀n sílẹ̀ kò burú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àpò ẹ̀pà àwọn àgbẹ̀ ga bí òkè ní Kánò, nítorí pé ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ sí èbúté kò tó. Àwọn amòye sọ pé iṣẹ́ tí ó jọ òwò kò gbọdọ̀ máa dúró de ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì kí ó tó ra ẹ̀rọ. Nítorí náà ni a ṣe fún rélùwéè ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀, kí ó lè máa ṣe bí oníṣòwò. Mínísítà yóò pàṣẹ lórí ọ̀ràn ńláńlá nìkan. Kò ní í tọwọ́ bọ iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ètò yìí ti wá. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ gba gbogbo rélùwéè wọn ní 1948, àwọn aṣòfin rí i láìpẹ́ pé bí wọ́n bá béèrè ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́, mínísítà a ní iṣẹ́ kọ́pọréṣọ̀n ni, kì í ṣe tòun. Wọ́n jà títí wọ́n fi rí ìgbìmọ̀ aṣòfin pàtàkì kan gbà, tí ó ń yẹ ilé-iṣẹ́ ìjọba wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ lórí ọkọ̀ òfurufú ní 1959, ó sì jábọ̀ lórí rélùwéè ní 1960. Ohun kan tí wọ́n bá pàdé yani lẹ́nu. Àwọn mínísítà tí ń sọ ní gbangba pé ọ̀ràn náà kò kan àwọn ni wọ́n ń pe àwọn alága sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn. Àṣẹ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dáhùn fún un.

Nàìjíríà gba ètò kọ́pọréṣọ̀n lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n irú ìgbìmọ̀ aṣòfin bẹ́ẹ̀ kò fìdí múlẹ̀ níbí. Nígbà tí gbọ́nmi-si-omi-ò-tó bẹ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè, ìgbìmọ̀ ìwádìí ni a gbé dìde, èyí tí a ń fi orúkọ Dókítà T. O. Elias pè, tí ó jábọ̀ ní 1960 lórí ìṣàkóso, ọrọ̀ ajé àti àjọṣe ọ̀gá pẹ̀lú òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ilé bá ti jó ni ìgbìmọ̀ ìwádìí máa ń dé. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ń yẹ ìwé wò lọ́dọọdún ni ó lè rí èéfín kí iná tó ràn.

Ti ọkọ̀ òkun àti bàálù tún yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ti òfurufú sì gbérí ní 1958 láti inú ilé-iṣẹ́ tí Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yòókù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti jọ ń ná láti 1946. Ìjọba pín owó ìdókòwò wọn pẹ̀lú àwọn òyìnbó oníṣòwò títí di 1961, kí ó tó ra gbogbo rẹ̀. Kọ́mpìnì ni a fi orúkọ wọn sílẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ aládàáni. Ará ìlú di ẹni tí ó ni kọ́mpìnì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹni tí ó ni nǹkan ti lè jókòó kí ó bi ọmọọ̀dọ̀ rẹ̀ léèrè, àfi Ilé Aṣòfin.

Ní oṣù Kìn-ín-ní, 1966, Ilé Aṣòfin náà di títì. Láti ìgbà náà títí di 1999, ọdún 33 kọjá. Nínú wọn, ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ péré, láti 1979 sí ìparí 1983, ni aṣòfin tí a dìbò yàn fi ní agbára gidi. Ní àkókò yìí ni òwe àwọn òṣìṣẹ́ gbalẹ̀ pé, iṣẹ́ ìjọba, a kì í làágùn ṣe é. Bí ewúrẹ́ bá jẹ́ ti gbogbo ìdílé, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé òun ni yóò já ewé fún un, ebi ni yóò pa á.

Àbájáde rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn. Rélùwéè tí ó kó èrò tí ó ju mílíọ̀nù 11 lọ ní 1964 kò kó tó mílíọ̀nù 2 mọ́ ní 2003. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, tí ó ti ní ọkọ̀ 24 rí, kógbá sílé ní 1995, lábẹ́ ìjọba ológun, láìsí aṣòfin kan tí yóò béèrè ibi tí àwọn ọkọ̀ náà wọlẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ òfurufú tẹ̀ lé e ní 2003. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró títí di 2018 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹ̀tọ́ wọn fún wọn. Àwọn mìíràn ti kú kí ọjọ́ náà tó dé.

A kò lè sọ pé àìsí aṣòfin nìkan ni ó fa gbogbo èyí. Ojú títì gba ẹrù lọ́wọ́ ojú irin, epo rọ̀bì sì gba ipò ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń fi ìwé owó rẹ̀ han ẹlòmíràn lọ́dọọdún a máa mọ ìgbà tí ó ń ṣubú.

Ìwé òfin 1999 gbìyànjú láti tún un ṣe. Abala 88 àti 89 fún àwọn aṣòfin ní agbára láti ṣe ìwádìí, láti pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí, àti láti tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìfowóṣòfò. Síbẹ̀ abala 85 sọ pé Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ yẹ ìwé owó kọ́pọréṣọ̀n wò. Òun yóò dárúkọ àwọn tí ó yẹ fún iṣẹ́ náà, yóò sì sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n bá rí. Nítorí náà, bí kọ́pọréṣọ̀n bá pẹ́ kí ó tó mú ìwé wá, ojú aṣòfin ṣókùnkùn.

Ọ̀ràn náà kò tíì tán. Owó tí a yá lọ́wọ́ Ṣáínà wà nínú ojú irin Àbújá sí Kàdúná, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, àti ti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Ní 2020, nígbà tí ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin ń béèrè ohun tí Nàìjíríà fọwọ́ sí nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, mínísítà ètò ìrìnnà kìlọ̀ pé irú ìwádìí yìí lè mú kí ayánilówó fà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí yóò san gbèsè náà kò tíì dàgbà tó láti béèrè, aṣòfin ni ó ń béèrè fún wọn.

Aṣòfin kì í ṣe awakọ̀. Bí ó bá ń wá iṣẹ́ fún ìbátan rẹ̀ tàbí kọngílá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́pọréṣọ̀n, òun náà ti di ara ẹrù tí ń dá ọkọ̀ dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó gba ìwé owó ní àsìkò, kí ó béèrè ohun tí kò yé e, kí ó sì gbé ìdáhùn náà jáde fún ará ìlú láti kà. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọkọ̀ ìjọba Nàìjíríà ti rìn jìnnà nígbà tí kò sí ẹni tí ń béèrè.