Ìpànìyàn Road Hill House (1860) àti Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáàrà

Láyé Ọbabìnrin Victoria, ìpànìyàn kan ṣẹlẹ̀ ní abúlé Road, ní ìgbèríko Wiltshire, tó mi gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tìtì. Ọ̀pọ̀ tó kọ̀wé lórí rẹ̀ ló gbájú mọ́ ẹni tó ṣe é. Ọ̀nà tí ẹ̀rí gbà ṣòfò ni àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé Jonathan Whicher, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹjọ́ náà bà lórúkọ jẹ́, kò ṣìnà nínú àròjinlẹ̀ rẹ̀. Kó tó débẹ̀ ni iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Bí ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1829 ni Robert Peel dá iṣẹ́ ọlọ́pàá London sílẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ kí gbogbo ènìyàn lè dá wọn mọ̀, nítorí ará ìlú kórìíra amí. Nígbà tí àṣírí tú ní 1833 pé sájẹ́ńtì William Popay ti para dà wọ inú ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, ariwo ta, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní oṣù Kẹrin 1842. Daniel Good pa obìnrin kan ní Roehampton, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọjọ́ gorí ọjọ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n yan ìnsípẹ́kítọ̀ 2 àti sájẹ́ńtì 6 pé kí wọ́n máa tọpa ọ̀daràn láìwọ aṣọ iṣẹ́. Whicher, ọmọ olùtọ́jú ọgbà kan ní Camberwell, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ní 1850, Charles Dickens gbé oríyìn fún wọn nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Household Words.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Road

Ní òru ọjọ́ 29 mọ́jú ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1860, wọ́n gbé Saville Kent, ọmọ ọdún 3, lórí ibùsùn rẹ̀. Elizabeth Gough, olùtọ́jú rẹ̀, sùn sínú yàrá kan náà. Inú ṣáláńgá ọgbà ni wọ́n ti rí òkú ọmọ náà, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e lọ́fun. Samuel Kent, bàbá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀wò ilé iṣẹ́. Fèrèsé pálọ̀ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àmì pé àlejò fipá wọlé.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọlọ́pàá rí àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin tó lẹ́jẹ̀ lára nínú ihò iná ní ilé ìdáná. John Foley, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, rò pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ni, ojú sì tì í. Lóru, ọlọ́pàá 2 ń ṣọ́ ilé ìdáná. Kent ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síbẹ̀. Aṣọ náà pòórá. Àwọn ọlọ́pàá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan.

Ìwádìí Whicher

Ọ̀sẹ̀ 2 ti kọjá kí Whicher tó dé, kò sì sẹ́ni tó sọ ti àwọ̀tẹ́lẹ̀ yẹn fún un. Ohun tó yẹ kó wà nílé tí kò sí níbẹ̀ ló wá lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ aṣọ Constance, ọmọbìnrin Samuel Kent, ẹni ọdún 16 tí ìyá rẹ̀ ti kú, fi hàn pé aṣọ àwọ̀sùn 3 ló ní. 2 péré ni wọ́n rí. Ìránṣẹ́bìnrin ní òun fi ìkẹta sínú apẹ̀rẹ̀ alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ ní òun kò bá a níbẹ̀. Whicher gbà pé Constance ti run aṣọ tó lẹ́jẹ̀, ó sì yọ èyí tó mọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀bi lè já lé alágbàfọ̀ lórí. Ó tún gbọ́ pé ní 1856, nígbà tí Constance múra bí ọkùnrin tó sì sá nílé, ṣáláńgá yẹn kan náà ló ju irun tó gé sí.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: òfin kò gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Whicher mú Constance, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 27 oṣù Keje, àwọn adájọ́ àdúgbò dá a sílẹ̀ pẹ̀lú onídùúró. Inú bí àwọn oníwèé ìròyìn pé ọlọ́pàá, ọmọ mẹ̀kúnnù, lè fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́lá. Orúkọ Whicher bàjẹ́, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1864.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀

Ní oṣù Kẹrin 1865, Constance fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí kóòtù Bow Street, ó jẹ́wọ́. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un ní Salisbury, wọ́n sì yí i sí ẹ̀wọ̀n. Ọdún 20 ló lò. Ní 1868, Wilkie Collins lo ọ̀rọ̀ aṣọ àwọ̀sùn tó sọnù nínú ìwé rẹ̀, The Moonstone. Ìmọ̀ tí ì bá ran Whicher lọ́wọ́ kò tíì sí nígbà ayé ẹjọ́ náà: ọdún 1901 ni Scotland Yard, orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá London, dá ẹ̀ka ìtẹ̀ka sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Paul Uhlenhuth, ará Jámánì, gbé ọ̀nà jáde láti fi ya ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹranko.

Ìkádìí

Ó tọ́ bí àwọn adájọ́ ṣe kọ̀ láti fi ìfura lásán dá ọmọdé lẹ́bi. Ó sì tọ́ bí Whicher ṣe fura. Ẹ̀bi wà lọ́rùn àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ìtìjú àti ìbẹ̀rù ọlọ́lá gba ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ yìí kan gbogbo ọlọ́pàá títí dòní: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi ìpànìyàn ló di ìdájọ́ òdodo mú lọ́wọ́; kó má ṣe jẹ́ kó bọ́.