Oògùn Òwú: Láti Oko Moretan Dé Ilé Ẹ̀rọ Talo

Moretan jẹ́ ìlú àwọn Ifẹ̀, tí àwọn ará ìta ń pè ní Ana, ní àgbègbè Est-Mono, nínú ẹkùn Plateaux ní orílẹ̀-èdè Togo. Atakpamé ni ìlú ńlá tí wọ́n ń fojú sí. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu tí kẹ́míkà ń ṣe fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, Moretan kọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Tabligbo ni ọkàn yóò lọ sí, tàbí Kpémé létí òkun níbi tí wọ́n ti ń fọ phosphate. Oko ni wọ́n mọ Moretan sí: àgbàdo, iṣu, òwú. Síbẹ̀ òwú yìí gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ wá síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni a ń gbìn ín fún, kẹ́míkà tí ilé-iṣẹ́ ṣe ni a sì fi ń tọ́ ọ dàgbà. Nínú gbogbo ọ̀nà tí òwú ń tọ̀ kó tó di aṣọ, ibi tí kẹ́míkà ti ń kan ara ènìyàn jù lọ wà ṣáájú ẹnu-ọ̀nà ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni òfin ààbò òṣìṣẹ́ kì í sábà yà sí. Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn tí kẹ́míkà ń pa lára nínú iṣẹ́ òwú, inú oko ni kó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Ìmọ̀ nípa àìsàn tí iṣẹ́ ń fà ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1700, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, tẹ ìwé jáde lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́-ọwọ́. Ó ní kí dókítà fi ìbéèrè kan kún àwọn tó ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lo ń ṣe? Ní 1895, oníṣẹ́-abẹ ará Jámánì, Ludwig Rehn, ṣàkíyèsí ní Frankfurt pé jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ ń mú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe aró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti lò nídìí iṣẹ́ náà kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìtọ̀ wọn. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé májèlé ilé-iṣẹ́ ní ìwà méjì. Òmíràn a gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, bí èéfín chlorine tó jò. Òmíràn a lúgọ: benzene a máa ba mùdùnmúdùn inú eegun jẹ́ díẹ̀díẹ̀, òjé a sì wọ inú eegun lọ jókòó fún ogún ọdún. Èyí tó ń lúgọ ló ṣòro jù láti fi ẹ̀sùn kàn, nítorí nígbà tí àìsàn bá fi dé, òṣìṣẹ́ ti lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà tipẹ́.

Nínú ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń yọ kóró kúrò lára òwú, bí èyí tó wà ní Talo nítòsí Atakpamé, ekuru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ekuru òwú a máa dì mọ́ àyà, àyà á fún, ikọ́ á tẹ̀lé e. Ohun ìyanu rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ló ń le jù, tí àwọn aláwọ̀-funfun fi pè é ní ibà ọjọ́ Mọ́ńdè. Àwọn tó ń gbọ̀n òwú ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ní Datcha, lẹ́bàá Atakpamé kan náà, ilé-iṣẹ́ aṣọ wà rí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ní irú ibẹ̀, aró, sódà àti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun tún wà lẹ́yìn ekuru. Ewu gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí, mi ò fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ní ògiri, ó ní ọ̀gá tí a lè pè lẹ́jọ́, ó ní ìwé tí a kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí, a sì lè ṣí fèrèsé rẹ̀.

Oko kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Láti 1974 tí ìjọba Togo ti dá SOTOCO sílẹ̀ fún òwú, títí di 2009 tí NSCT gba ipò rẹ̀, àti lẹ́yìn 2020 tí ilé-iṣẹ́ Olam ra ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ètò kan náà ni àgbẹ̀ ń tẹ̀lé: kí òwú tó tanná ni fínfín oògùn ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni, ó sì lè tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó parí. Ní àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì wọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kò nílò omi; oògùn inú òróró ló ń fọ́n bí ìrì, tí afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Ó dín wàhálà omi pípọn kù lóòótọ́. Ìrì yẹn kò kàn mọ ibi tí oko òwú parí sí àti ibi tí oko àgbàdo ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, kòkòrò tó ń gún èso òwú ti mọwọ́ àwọn oògùn pyrethroid, kò sì kú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí ló fà á tí wọ́n fi tún gbé endosulfan jáde ní 1999. Ní Benin, ẹ̀gbẹ́ ibodè Togo, nínú àsìkò òwú 1999 sí 2000, àwọn olùwádìí ka ó kéré tán ènìyàn 37 tí endosulfan pa ní ẹkùn Borgou. Kì í ṣe àwọn tó ń fín oògùn nìkan. Àwọn mìíràn jẹ oúnjẹ tí ó ti kan oògùn náà, àwọn mìíràn lo ike tí ó ti wà nínú rẹ̀ rí. Ní 2011 ni Àdéhùn Stockholm fi endosulfan sínú àwọn kẹ́míkà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì, ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú Borgou.

Báwo ni oògùn ṣe ń wọ ara? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé imú ni, wọ́n á sì fi aṣọ di imú. Awọ ara ni ọ̀nà tó tóbi jù fún ẹni tó ń fín oògùn. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1971, tí wọ́n fi parathion ṣe, fi hàn pé awọ apá kì í gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n fi sí i, ṣùgbọ́n awọ ẹpọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Ẹ wá wo ẹ̀rọ tí à ń pọ̀n sẹ́yìn bó bá jò: ẹ̀yìn ni omi rẹ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ṣòkòtò. Parathion wà nínú ẹbí organophosphate. Àwọn wọ̀nyí a máa dí ẹ̀rọ inú ara tó ń pa àṣẹ tí iṣan gbé wá rẹ́ lẹ́yìn tí ẹran ara bá ti jẹ́ ẹ. Àṣẹ á wá máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró: itọ́ á máa dà, ojú á máa ṣomi, ọmọ ojú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹran ara á máa gbọ̀n, mímí á sì di ìṣòro. Bí èyí tó wọ ara kò bá pọ̀, orí fífọ́, èébì, àárẹ̀ àti òógùn nìkan ni ènìyàn á rí.

Orí fífọ́, èébì, àárẹ̀, òógùn: ibà nìyẹn lójú ẹnikẹ́ni. Àsìkò òjò tí a ń fín òwú sì ni àsìkò ẹ̀fọn. Níbí ni mo ti fẹ́ dá àwọn tó ń sọ pé àwọn ti ń lo oògùn yìí láti ogójì ọdún láìrí ẹni tó kú lóhùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n bí oògùn ibà bá ni a fún ẹni tí organophosphate ń dà láàmú, tí ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn ọjọ́ méjì nítorí pé kò padà sóko, ibà ni a ó kọ sínú ìwé, ìwé náà yóò sì jẹ́rìí pé oògùn òwú kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ti èyí tó ń lúgọ tún wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rehn rí ti Frankfurt nítorí pé ilé-iṣẹ́ mọ ẹni tó ṣe aró àti iye ọdún tó fi ṣe é. Ta ló kọ orúkọ ẹni tó fín òwú bàbá rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sílẹ̀? (Èdè wa pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́: oògùn ni èyí tó ń wo orí fífọ́, oògùn náà ni èyí tó fà á.)

Àtakò kejì tún lágbára díẹ̀: pé àgbẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, oko rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ni. Lójú òfin, bẹ́ẹ̀ ni. Caisse nationale de sécurité sociale ti Togo, àjọ adójútòfò àwọn òṣìṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí agbanisíṣẹ́ ń san lórí owó-oṣù, àgbẹ̀ kò sì ní owó-oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òwú ṣe ń lọ. Irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn, àwìn ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ń gbà á nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ òwú. Ilé-iṣẹ́ yìí náà ló ń ra òwú, iye tí a dá lé e ṣáájú ló ń san, gbèsè á sì ti kúrò níbẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ ẹni. Ẹni tí kò yan oògùn tó ń lò, tí kò dá iye lé ohun tó tà, ó jọ òṣìṣẹ́ ju oníṣòwò lọ, àfi pé òun ló ń gbé ewu rẹ̀. Àdéhùn 184 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní 2001 lórí ààbò nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, gbà pé kẹ́míkà oko jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yọ ẹni tó ń dáko jẹun lásán sílẹ̀. Olówú Moretan kì í jẹ òwú.

Ohun tí àwọn tó ń ta oògùn máa ń sọ ni pé ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà àti ìbòmú ló kù kí àgbẹ̀ wọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n nínú ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ ààbò ni ohun ìkẹyìn tí a ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mú májèlé náà kúrò, ìkejì kí a fi èyí tó rọ̀ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ aṣọ rọ́bà fún wákàtí mẹ́ta. Òógùn tó ń ṣàn nínú rẹ̀ tún ń bá oògùn ṣílẹ̀kùn awọ ara. Ní Benin, láti 1996 ni wọ́n ti ń gbin òwú tí kò ní kẹ́míkà kankan nínú, tí wọ́n ń fi dóńgóyárò àti àwọn kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò ṣe é. Ìkórè rẹ̀ kéré sí ti oníkẹ́míkà, kò sí ìdí láti fi pamọ́. Ọ̀nà àárín náà wà: kí àgbẹ̀ ka kòkòrò lójú ewé kó tó fín, dípò kó máa wo ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà. Togo fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé òun lè pàṣẹ: ní oṣù Kejìlá 2019 ló ka glyphosate, oògùn tí a fi ń pa koríko, léèwọ̀.

Nígbà tí a bá ń dúró de irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí oògùn òwú, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Atropine ń gba ẹni tí organophosphate mú là bí ó bá tètè dé. Kì í ṣe iṣẹ́ kankan fún endosulfan, tó ń fa gìrì. Paraquat tí a fi ń pa koríko, tó ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di líle, kò ní ẹ̀rọ̀ rárá. Nítorí náà, ìbéèrè Ramazzini nìkan kò tó fún nọ́ọ̀sì ní Moretan. Ó tún ní láti béèrè ọjọ́ tí wọ́n fín oògùn kẹ́yìn, kó sì ní kí wọ́n gbé ike rẹ̀ wá. Ike náà ti lè di ohun tí wọ́n fi ń pọn omi, kí bébà orúkọ ara rẹ̀ sì ti ṣí dànù.