Àwòrán Ojú Ẹni

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni nínú yín tí kò tí ì rí àwòrán baba ńlá kan lára ògiri pálọ̀? Níhìn-ín ní Òjòó, ibi tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i ni a ń gbé e kọ́ sí, nítorí ojú ènìyàn ni a fi ń rántí rẹ̀.

Àṣà yìí ti pẹ́ láàárín wa. Láàárín ọdún 1100 sí 1500, àwọn oníṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ fi idẹ àti amọ̀ ṣe orí ènìyàn, tí ojú, imú àti ètè rẹ̀ gún régé bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀. Ní Ọ̀wọ̀, wọn a gbẹ́ àkó, ère tí ó jọ olóògbé, wọn a sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Síbẹ̀, nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó ní àwọn ará Gíríìsì ìgbàanì ni wọ́n mú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wá.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Àìná Ọnàbólú gbé ayé. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882. Ní ọdún 1906, kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan, ó ti fi ọ̀dà ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920 láti kọ́ṣẹ́ sí i. Nígbà tí ó padà dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó ní àwòrán yíyà, ó sì ń rọ ìjọba láti fi ẹ̀kọ́ náà kún ti ilé-ìwé, títí a fi rán Kenneth Murray wá ní ọdún 1927 láti ràn án lọ́wọ́. Ó kú ní ọdún 1963.

Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá àwọn ẹlẹ́gàn lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan ṣì kù. Ojú àwọn ará Ifẹ̀ wọ̀nyẹn wà títí di òní. Orúkọ ọ̀pọ̀ wọn ti sọnù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni yóò rí fún àwòrán ilé yín bí àgbà tí ó mọ olúwarẹ̀ bá kú kí ẹ tó bi í léèrè. Nítorí náà, ẹ béèrè nísinsìnyí, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.