Ta Ló Gbé Aláìsàn, Kí Ló Fi Gbé E?

Ìwé ìtàn máa ń sọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn àti orúkọ dókítà tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà bèèrè: ta ló gbé aláìsàn dé ibẹ̀, kí ló sì fi gbé e? Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà láti agbègbè Èjìgbò, kí n sì fi hàn pé agbára apá nìkan kò tó láti gbé aláìsàn. Bí kò bá sí ọgbọ́n àti irinṣẹ́, ẹni tí à ń gbé lè fara pa, ẹni tó ń gbé e náà sì lè fara pa.

Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa, ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọn ọmọ tó ń ṣàìsàn. Àgbàlagbà tí kò lè rìn, ọkùnrin tó lágbára ni yóò gbé e kọ́ èjìká. Bí ó bá wúwo, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní, èèyàn mẹ́rin á sì di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Àwọn oníṣègùn tó ń to eegun mọ ohun kan tó ṣe pàtàkì: wọn á fi ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ di ẹsẹ̀ tó kán kí ó má baà mì. Eegun tó kán a máa mú bí ọ̀bẹ. Bí a bá gbé e láìdì í, ó lè gé ẹran ara àti iṣan ẹ̀jẹ̀, kí egbò kékeré sì di ńlá lójú ọ̀nà.

Ní ọdún 1907, Dókítà George Green, míṣọ́nnárì ìjọ Baptist láti Amẹ́ríkà, dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀. Láti Èjìgbò sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ọkọ̀ kì í pẹ́ débẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán láyé ìgbà náà, ìrìnàjò yẹn lè burú ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ. Dókítà ti wà nítòsí, àmọ́ dídé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣòro.

Ogun Àgbáyé Kejì tún fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jà ní àfonífojì Kaladan ní Burma, níbi tí ọ̀nà mọ́tò kò ti tó nǹkan. Àwọn aláàárù ni ó ń ru ẹrù ogun, àwọn náà ni ó sì ń fi sítírẹ́ṣà, ìyẹn aṣọ kanfáàsì tí a ta mọ́ ọ̀pá gígùn méjì, gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti ń tọ́jú ẹlòmíràn di ẹni tí kò lè dìde, kò sì sí ẹni tó lè gbé e kúrò níbẹ̀. Inú igbó ni òun àti ẹnìkejì rẹ̀ kan láti Sierra Leone wà. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ló bọ́ wọn, tí wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó fi padà dé.

Nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni ìjọba ṣe dá ilé ìwòsàn eegun sílẹ̀ ní Igbóbì, l'Ékòó, ní 1945. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ara ohun tí iṣẹ́ náà ń kọ́ni ni bí èèyàn ṣe ń ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga láìṣubú. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dìgírì rẹ̀.

Lókè òkun, ẹni tí wọ́n ń gbé ló ronú kan ẹ̀rọ. Jàǹbá mọ́tò sọ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ted Hoyer, di arọ ní 1936. Nígbà tó yá, òun àti ìbátan rẹ̀ kan ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé aláìsàn sókè. Bíi jáàkì tí fọkanáísà fi ń gbé mọ́tò ló ṣe ń ṣiṣẹ́: epo inú rẹ̀ ń ti irin sókè, aláìsàn á sì jókòó sínú aṣọ tó so rọ̀ mọ́ irin náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, òfin Bìrìtìkó ní kí agbanisíṣẹ́ yẹra, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe, fún fífi ọwọ́ lásán gbé ohun tó lè ṣe òṣìṣẹ́ léṣe. Aláìsàn sì wà lára ohun tí òfin náà kàn. Àwọn nọ́ọ̀sì Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún mọ òfin yìí dáadáa: a kì í fa aláìsàn lábẹ́ abíyá, nítorí èjìká rẹ̀ lè yẹ̀, ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì náà sì lè bà jẹ́.

Ní Èjìgbò, Másífà tàbí Ìfẹ́ Odàn, ẹbí ló ṣì ń gbé aláìsàn lọ́pọ̀ ìgbà, látorí ọ̀kadà tàbí inú mọ́tò dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ onírin wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló wọ́n. Kápẹ́ńtà lè fá pákó tó nípọn títí yóò fi dán, kí ó sì yí etí rẹ̀ po. Bí a bá fi pákó náà so bẹ́ẹ̀dì pọ̀ mọ́ àga, ẹni tó bá lè jókòó á yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Télọ̀ lè rán aṣọ tó ń yọ̀, èyí tí a ó tẹ́ sábẹ́ ẹni tó dùbúlẹ̀, kí awọ ara rẹ̀ má baà bó nígbà tí a bá ń sún un. Kí a tó sún un, kí a ti bíréèkì àga, kí ẹnì kan ṣoṣo máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kí gbogbo ọwọ́ lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, lóòótọ́. Àwọn mẹ́rin tó di ẹní mú láyé àtijọ́ mọ èyí. Ohun tí ìtàn fi kún un ni pé ọwọ́ tó pọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò dì mú.