Ọdún 2014: Bí Ìjọba Ṣe Sọ̀rọ̀ lórí Chibok àti Bí Ó Ṣe Sọ̀rọ̀ lórí Ebola

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ológun Nàìjíríà gbé àtẹ̀jáde kan síta ní Àbújá. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí Boko Haram jí kó ní Chibok sílẹ̀, pé mẹ́jọ péré ló kù. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà fi sọ fún àwọn oníròyìn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá kan ti gun ọ̀kadà wọ igbó Sambisa láti fi ojú ara wọn wá ọmọ wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilé-iṣẹ́ ológun kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ọmọ 276 ni wọ́n kó. Àwọn 57 tí wọ́n kọ́kọ́ bọ́, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi sá.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, Ebola wọ Èkó. Goodluck Jonathan kan náà ló wà lórí oyè, àwọn ará ìlú kan náà tí kò fọkàn tán ìjọba ló sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Ebola kò rí bí ti Chibok. Àwọn kan ń pe ìyàtọ̀ náà ní orí-ire. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní apá kan, a ti pèsè ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ sílẹ̀, àti ẹni tí yóò wádìí ọ̀rọ̀ kí a tó sọ ọ́, àti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà dé ẹnu ọ̀nà ará ìlú. Ní apá kejì, ọjọ́ tí wàhálà dé gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.

N kò sọ pé ńṣe ni àwọn ológun jókòó láti purọ́. Agbẹnusọ wọn ṣàlàyé pé láti ojú ogun ni ìròyìn náà ti wá, àwọn sì gbà á gbọ́. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, àwọn òbí wà níbẹ̀, ó sì hàn gbangba pé kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè kí àtẹ̀jáde tó jáde. Iye àwọn ọmọ náà pàápàá di àríyànjiyàn. Ìdánwò àṣekágbá ló kó wọn jọ, àwọn kan sì ti ilé-ìwé mìíràn wá; 129 ni ìjọba Borno kọ́kọ́ kéde. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ogún ọjọ́ gbáko lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn, ni Ààrẹ tó bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí Àbújá ṣe ń dákẹ́ ni àhesọ ń gbilẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ alátakò ni. Àwọn kan ní kò sí ọmọ kankan tí wọ́n jí. Mo ṣì ń pàdé ẹni tó gba èyí gbọ́, ẹlòmíràn nínú wọn sì kàwé jù mí lọ.

Ẹ wá wo Èkó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, Patrick Sawyer fi ọkọ̀ òfuurufú dé láti Liberia pẹ̀lú àìsàn lára. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ó kú ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, níbi tí Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde. Àrùn náà pa Adadevoh pẹ̀lú. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ìdìbò 2015 ti ń kanlẹ̀kùn, PDP wà ní Àbújá, APC wà ní Èkó. Gbogbo ohun tí ó lè mú kí mínísítà sọ tirẹ̀ kí kọmíṣọ́nnà sì sọ òmíràn ló wà nílẹ̀.

Ohun tó kó wa yọ ni ibùdó àkóso pàjáwìrì kan tí ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó jọ jókòó sí. Láti ọdún 2012 ni ìjọba ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, igbákejì ọ̀gá ibùdó yẹn, Dókítà Faisal Shuaib, ni wọ́n sì mú wá ṣe olórí ti Ebola. Wọ́n tọpa ènìyàn 894 tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kó àrùn náà, wọ́n sì kanlẹ̀kùn wọn ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Òṣìṣẹ́ tó wá wo bóyá ara ẹnì kan ń gbóná ni ẹni yẹn lè bi ní ìbéèrè, lédè tí àwọn méjèèjì gbọ́. Àhesọ kò ṣàìsí o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, àtẹ̀ránṣẹ́ kan rìn lóru lórí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá mi náà pè mí. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ìròyìn sì ní àwọn kan kú. Ṣùgbọ́n kíá ni iléeṣẹ́ ètò ìlera já a nírọ́, àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé sì wà láti tún un sọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, ó pa mẹ́jọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Níbo ni àwọn òṣìṣẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti kọ́ ọgbọ́n yìí? Ìyà ló kọ́ wọn, ní Kano. Ní ọdún 2003, ìjọba Kano dá àjẹsára dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló mú wọn gbà á gbọ́. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, Pfizer ti dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ Kano, àwọn kan sì kú. Ìlú kò tíì gbàgbé. Àbújá ń pariwo pé àjẹsára dára, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó tó oṣù mọ́kànlá kí wọ́n tó gbà á padà, àrùn náà sì ti ta kọjá sí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lé e lọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé ọba ìlú, ìmáàmù àti obìnrin àdúgbò ni kí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nígbà tí ìlú ṣì tòrò.

Ẹ̀ka ètò ìlera nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí dúró sí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2018, Boko Haram kó ọmọbìnrin 110 ní Dapchi. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìjọba Yobe kéde pé àwọn ológun ti gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀. Àwọn òbí jó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìjọba kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, ó sì tọrọ àforíjì. Ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ló wà ní Àbújá lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí ohun tó yí padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, Boko Haram fúnra wọn ló fi ọkọ̀ gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà padà wọ ìlú. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ní wọ́n jẹ́ 76. Lọ́jọ́ náà kan náà, ó di 101. Leah Sharibu kò sí nínú wọn.