Àpótí Kan Ṣoṣo Níbi Ìdìbò

Bí a bá ń pa ìtàn ìdìbò nílẹ̀ Yorùbá, ìjà ni a sábà máa ń rántí. A kò gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 1965, nígbà tí ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bí rògbòdìyàn tí a ń pè ní wẹ́tìẹ̀, tí wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ara ènìyàn, tí wọ́n sì ń ṣáná sí i. A kò gbàgbé ọdún 1983 náà. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan tí mo fi ojú ara mi rí ní ìlú Ara yẹ kí ó wà nínú ìtàn yìí pẹ̀lú.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ọdún 1991 ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n dá a sílẹ̀, a sì fẹ́ dìbò yan gómìnà. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba Babangida gbà láàyè: SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC onídì. Kò sí àpótí ìdìbò, kò sí ìwé ìtẹ̀ka. Nítorí èrú àtẹ̀yìnwá, wọ́n ní kí oníkálukú tò sẹ́yìn ẹni tí ó fẹ́, kí wọ́n sì kà wá ní gbangba. Ọgbọ́n ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú: onílé ń wo ayálégbé, olówó ń wo onígbèsè, ọkọ ń wo aya.

Ìyá àgbà kan tẹ ọ̀pá dé, ó dúró sí ìlà kan nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kúrò níwájú ìlà kejì. A rò pé ó fẹ́ fà á sọ́dọ̀ tirẹ̀ ni. Ó wọ ilé kan nítòsí, ó gbé àpótí ìjókòó jáde, ó tẹríba, ó ní, “Ìyá, ibi tí ẹ dúró sí yìí náà ni kí ẹ jókòó sí.” Ó wá padà sí ìdí ìlà tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kà wá, ẹnì kan ní kí wọ́n má ka ẹni tí ó jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni ó kọ́kọ́ dáhùn: “Ẹ kà wọ́n. Ìlà yẹn ni wọ́n wà.” Ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun ni ìbò náà yóò ta kò.

Isiaka Adélékè ti ẹgbẹ́ SDP ni ó wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, Abacha gba ìjọba, gbogbo gómìnà tí a dìbò yàn sì kúrò lórí oyè. Ohun tí a torí rẹ̀ tò kò pé ọdún méjì. Ṣùgbọ́n àwa tí a tò níjọ́ náà ṣì jọ ń gbé ìlú kan náà, a ṣì jọ ń sin òkú ara wa, a ṣì jọ ń sọmọ lórúkọ.

Òfin lè dáàbò bo ìbò. Ìwà ni ó ń dáàbò bo aládùúgbò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.