Ìwọ̀n Ara ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti mọ ìwọ̀n láti ìgbà tí wọ́n ti ń nájà lórí ọ̀sà. Láàrin ọdún 1851, tí Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó tí ó sì lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, àti 1862 tí ó padà sílé, òwò epo pupa gbilẹ̀ níbẹ̀. Epo ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, gàrí ní tirẹ̀, ọ̀pá ni a sì fi ń wọn aṣọ. Ṣùgbọ́n ní ti sísanra àti rírù, ojú lásán ni a fi ń wọn ara ọmọ ènìyàn.

Ohun tí ojú bá sì rí, ahọ́n a sọ ọ́. Bí a bá pàdé ẹni tí ara rẹ̀ kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ó ní, “Ẹ mà ti sanra o!” Oríyìn ni. “San” tí a ń lò fún aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá ni etí wa ń gbọ́ nínú “sanra”. Ẹni tí ó bá rù ni a ń bi pé kí ló ṣe é. Àwọn baba wa kì í ṣe òmùgọ̀. Ìyàn, ìgbóná àti ikọ́ ife ń sọ ènìyàn di egungun láyé ìgbà náà. Ara kíkún jẹ́ ẹ̀rí pé oúnjẹ wà nílé, àìsàn sì jìnnà.

Òṣùwọ̀n tí ayé ń lò fún ara lónìí ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní 1832, Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀, ṣàkíyèsí bí ìwúwo àgbàlagbà ṣe ń bá gíga rẹ̀ lọ. A ó sọ gíga ènìyàn ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi èyí pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.60, tí ó wúwo tó kílò 64, yóò ní 25. Bí ó bá tó kílò 77, yóò lé díẹ̀ ní 30. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, láti 25 ni ara ti ń pọ̀ jù. Láti 30 ni ó ti di àsanrajù.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣebí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú a máa fi ènìyàn wé aládùúgbò rẹ̀ ni. Bí gbogbo àdúgbò bá jọ ń sanra, ojú kò ní rí i; ìṣirò ni yóò rí i. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé nínú 100 obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 22 ni ara wọn ti pọ̀ jù tàbí tí wọ́n ti sanra àsanjù ní 2008. Wọ́n di 25 ní 2013, wọ́n sì di 28 ní 2018. Ó wọ́pọ̀ nílùú ńlá ju ìgbèríko lọ. Síbẹ̀, ìṣirò náà ní àbùkù: kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Ó lè pe apẹja Ẹ̀pẹ́ tí àjẹ̀ ti mú apá rẹ̀ le ní ẹni tí ara rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìkọ́kọrẹ́ àti ẹ̀bà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ́ńjìnnì ló gbapò àjẹ̀, ọkọ̀ ló gbapò ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkòròdú dé Èkó, ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ń bá wọn lójú ọ̀nà. Òfin Ìnáwó ọdún 2021 bu nàírà 10 lé lítà kan ohun mímu onísúgà. Èyí dára, ṣùgbọ́n owó-orí kò lè dé ibi tí ìkíni ń dé. Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin tí ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí dókítà ní kí ó dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Bí ó bá rù díẹ̀, wọn a ní ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀, tàbí pé ọjà rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀. Ó lè tún sanra padà kí ẹnu ayé lè sinmi.

Nítorí náà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjọba àti oníṣègùn nìkan. Ti àwa tí a ni èdè náà ni pẹ̀lú. A kò ní láti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí a ti ń gbọ́ “ìwọ̀n” nínú rẹ̀, ti wà lẹ́nu wa tipẹ́ fún ìwà, fún owó àti fún oúnjẹ. Ó tó àkókò kí a lò ó fún ara pẹ̀lú.